Àwẹ̀ró àti Àgbàdo Tí Kò Lójú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já fìàà, kò já lu ọba, kò já lu ìjòyè. Ó já lu Àwẹ̀ró tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ó já lu Òkété tó ń ta irúgbìn. Ìwọ ọmọ yìí, Fọlárìn, yéé fẹsẹ̀ janlẹ̀! Bí mo bá lé orin, kí ẹ máa dáhùn pé, "Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́." Ṣé ẹ gbọ́?

A gbọ́ o!

Ní ìlú Àwẹ̀ró, bí wọ́n bá kórè àgbàdo tán, olúkúlùkù a ṣa èyí tó yọmọ dáadáa jù, a so ó mọ́ àjà lókè ààrò, kí èéfín máa bá a, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Irúgbìn nìyẹn. Ebi ìbáà pa wọ́n tó báwo, wọn kì í sè é. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún Àwẹ̀ró? Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́, ó nawọ́ sókè, ó yọ ọ̀kan, ó fi se ègbo. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ òmíràn. Kí ọyẹ́ tó lọ, okùn nìkan ló kù lórí àjà.

Òjò àkọ́rọ̀ dé, wàà! Ẹ̀yìnkùlé gbogbo ènìyàn ń rúwé, ti Àwẹ̀ró nìkan ló ṣófo. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò. Bí kò bá gbin nǹkan kí òjò yìí tó dá, kí ni wọn yóò jẹ? Ó sáré tọ Ìyá Ládùúnní lọ, arúgbó tí ilé wọn jọ fara kanra.

"Ìyá mi, ẹ gbà mí! Níbo ni mo ti lè ra irúgbìn?"

"Ọmọ mi, rírà kọ́. Ó wà lórí àjà mi níbẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ di díẹ̀ sínú ewé kókò tó tutù, kí á wò ó bóyá yóò hù. Padà wá lọ́jọ́ ọjà."

Àwẹ̀ró gbójú sókè. Àgbàdo náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Kí n máa retí ọjọ́ ọjà nítorí eléyìí? Òjò ń lọ o, ìyá!" Kí ìyá tó la ẹnu, ó ti di ojú ọ̀nà odò.

Abẹ́ igi ìrókò lẹ́bàá odò ni Òkété pàtẹ sí. Àgbàdo tirẹ̀ ń dán yànrànyànràn nínú igbá.

"Ìyá ọmọ, ẹ káàbọ̀ o! Èyí tí ẹ bá gbìn láàárọ̀, ẹ ó rí i lálẹ́!"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Àwẹ̀ró ju oyin lọ. Àgbébọ̀ adìyẹ kan ṣoṣo tó ní, òun ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó sáré délé, ó gbìn ín. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ wò ó. Kò sí nǹkan. Ó fi ìka hú u, ó wò ó, ó tún bò ó. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ibẹ̀ ló wà. Ó wá ń kọrin:

Àgbàdo mi, o ò jí?
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Òjò ti rọ̀, o ò jí?
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Ọmọ ń sunkún, o ò jí?
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Ṣé kí n hú ọ, kí n wò ọ́?
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*

Ó padà tọ Òkété lọ. "Irúgbìn rẹ ò hù!"

Òkété họ irùngbọ̀n. "Ṣé ẹ ò hú u wò?"

"Mo hú u wò."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ mú nǹkan wá, ẹ ra òmíràn."

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ìwà ìkánjú rẹ̀ ni Òkété fi dè é mọ́lẹ̀ yẹn. Iṣu tó kù nílé, èyí tó fẹ́ sè fún àwọn ọmọ lálẹ́, ló gbé fún un. Omi lásán ni àwọn ọmọ mu sùn. Ẹkún wọn ń dùn ún títí wọnú egungun.

Ilẹ̀ mọ́, ó kó àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣu rà náà lọ bá Ìyá Ládùúnní, ó wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyá mú ẹyọ kan, ó fi èékánná họ epo àti eérú tó wà lára rẹ̀ kúrò.

"Wo ìdí rẹ̀ níbí. Ojú tí èéhù ń gbà yọ dà? Eyín ló jẹ ẹ́ yìí. Ibẹ̀ ló dùn jù lára àgbàdo, Òkété ti jẹ ẹ́ kó tó tà á fún ọ. Nígbà tí o lọ, ǹjẹ́ o wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀?"

Àwẹ̀ró mi orí. Kò wò ó.

Òun àti gbogbo àwọn ará abúlé etí odò tó ti rà lọ́wọ́ Òkété kóra jọ, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ yọ. Ewé kan ò sí níbẹ̀, àfi ìyẹ́ adìyẹ àti èèpo iṣu. Àwẹ̀ró gbé orin:

Òkété, oko rẹ dà?
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
O ta irúgbìn, o ò gbìn ín.
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
O jẹ ojú àgbàdo wa.
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
O fepo pa á, ó ń dán.
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*

Òkété ń kólòlò: "È... è... èmi ń fún ilẹ̀ tèmi nísinmi ni!" Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Wọ́n yọ igi sí i, ó sì kó sínú ihò, fìrì! Inú ihò ló ń gbé títí dòní.

Ìyá Ládùúnní wá gbé ewé kókò rẹ̀ jáde, ó tú u. Àgbàdo dúdú ọjọ́sí ti yọ èéhù funfun báláú. Àwẹ̀ró gbìn ín. Ọwọ́ ń yún un láti hú u wò, àmọ́ ó jókòó lé ọwọ́ méjèèjì. Ó di òwúrọ̀ kan, àwọn ọmọ pariwo láti ẹ̀yìnkùlé: "Màmá, ó ti hù!" Àwẹ̀ró bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n kórè, ó kọ́kọ́ so èyí tó yọmọ jù mọ́ àjà. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ nawọ́ sókè: "Màmá, ẹ yọ ọ̀kan fún mi."

Àwẹ̀ró gbá ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. "Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Òjò ọdún tó ń bọ̀ ló ni ín, òun ni kó o bẹ̀, má bẹ èmi."

Ibi tí mo bá a dé nìyí tí mo fi padà sílé. Bí mo bá parọ́, kí àgbàdo tí mo gbìn lọ́dún yìí má hù. Bí n kò bá parọ́, kó hù, kó yọmọ, kí ẹ bá mi jẹ níbẹ̀.

Àṣẹ!

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí á má jẹ irúgbìn wa, kí á má sì jẹ́ kí ìkánjú ra òmíràn fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ ta irúgbìn fún yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.