Ìdí Tí Kannakánná Fi Ń Ké Lórí Òrùlé

Nígbà láéláé, Kannakánná kì í bà sórí òrùlé ẹnikẹ́ni. Orí odi ló ń gbé.

Odi ńlá kan tí wọ́n fi òkúta mọ wà lórí òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ráfù, ìjòyè ọba, ló ni ín. Téńté ilé ìṣọ́ rẹ̀ ni ìtẹ́ Kannakánná wà. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ dára, kì í sì í jẹ́ kí àwọn ẹyẹ yòókù gbàgbé.

Ogun wá pe Ráfù. Kí Ráfù tó lọ, ó ní, "Kannakánná, bá mi ṣọ́ odi yìí. Bí mo bá bá a bó ṣe wà, títí ayé ni ìwọ àtọmọ rẹ yóò máa gbé orí rẹ̀. Bí n kò bá bá a, o ò nílé mọ́ nìyẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, olúwa mi. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Kò pẹ́ tí arúgbó kan, Màmá Ẹ́dítì, fi gòkè wá láti abúlé ìsàlẹ̀ òkè. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Adúmáadán, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkúta kan péré ni mo wá tọrọ, kí n fi gbé ìkòkò kaná."

Orí Kannakánná wú. "Ọ̀kan péré? Ẹ mú un, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá tún dé. "Ìkòkò kì í jókòó lórí òkúta kan. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù."

Ta ló fẹ́ kí ọbẹ̀ arúgbó dànù? Kannakánná ní kí wọ́n mú méjì sí i.

Bí gbogbo abúlé ṣe gbọ́ nìyẹn. Darandaran wá, alágbẹ̀dẹ wá, àlùfáà pàápàá wá. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń mú, "Adúmáadán" ni wọ́n sì ń kí i. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kannakánná rí i pé ilẹ̀ ń sún mọ́ òun, ṣùgbọ́n ó rò pé òkè ló ń dàgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lajú, àgùntàn kan ń wò ó lójú kòrókòró.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ráfù dé. "Odi mi dà?"

"Ó wà lábúlé, olúwa mi. Wọ́n ń fi se ọbẹ̀."

Ráfù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni kò jẹ́. "Ó dáa, lọ kà á, láti ilé dé ilé. Ọjọ́ tí òkúta mi bá pé, n óò tún odi mọ, kí o padà síbẹ̀."

Kannakánná sunkún títí. Ó fò lọ sórí òrùlé Màmá Ẹ́dítì, ó yọjú wo ààrò láti ihò èéfín, ó bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan, èjì... Èéfín kó sí i lójú, iye dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àgùntàn ti ń jẹko níbi tí odi wà, tí Kannakánná sì ń ti orí òrùlé kan bọ́ sí èkejì, tó ń ké pé, "Kà á! Kà á!" Bí o bá bi onílé nípa òkúta ààrò rẹ̀, yóò ní òkúta bàbá òun ni.