Obìnrin Orí Afárá

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọdún méjìdínlógún ni Oyèkànmí fi wa tírélà láti Ìbàdàn dé Kánò kí ọ̀gá rẹ̀ tó dá a dúró níṣẹ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́sàn-án ọyẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, ló bá rí obìnrin kan tó pọn ọmọ lórí afárá, tó ń juwọ́ sí i pé kó dúró. Nígbà tó fi máa dé ibẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ibi tí obìnrin náà dúró sí gan-an ni afárá ti já sódò.

Bọ́ọ̀sì elérò kan ń sáré bọ̀. Oyèkànmí bọ́ ẹ̀wù, ó ń fì í, ó ń pariwo, "Afárá ti já o!" Bọ́ọ̀sì dúró. Ìyá tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, bàbá?"

"Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló dá mi dúró."

Ìyá náà mọ́wọ́ lérí. "Àbúrò mi ni. Odò yìí ló gbé òun àtọmọ rẹ̀ lọ léṣìí. Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Awakọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi lónìí ni."

"Ẹ wá máa wa tèmi."

Oyèkànmí nu ojú, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó yí i padà. Ó wa àwọn èrò náà wọ̀lú.