Igbá Èsúsú Òkè-Ọlà

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tí wọn kò ṣẹ́ ẹran kù fún pàápàá mọ̀ ọ́n pa. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ru igbá náà, àti ohun tó wà nínú rẹ̀? Kì í ṣe oúnjẹ.

Láyé owó ẹyọ, àwọn ọjà ojú ọ̀nà Òkè-Ọlà jọ ń dá èsúsú. Lọ́dọọdún, Pàrákòyí Òkè-Ọlà, olórí gbogbo oníṣòwò, a máa gbé igbá ńlá kan kiri, ọjà kọ̀ọ̀kan a da tirẹ̀ sí i. Ọjà tó bá kàn ni yóò dé kẹ́yìn, ibẹ̀ ni yóò sì da igbá náà sí, kí wọ́n fi tún ọjà wọn ṣe. Owó ẹyọ wúwo, nítorí náà àwọn géńdé ọjà kọ̀ọ̀kan ní í ru igbá lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ tiwọn. Wọn kì í kọjá ààlà.

Òkè-Ọlà ló kọ́kọ́ kó o. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Pàrákòyí ní olè pọ̀ ní ọjà tó kàn, ó ní kí wọ́n ru owó padà sí Òkè-Ọlà. Lọ́dún kẹta, ó ní òrùlé tibòmíràn ń jò. Bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ Òkè-Ọlà ṣe di alámọ̀ tó ní ilẹ̀kùn gbígbẹ́, tí tàwọn tó kù ṣì jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ.

Nígbà tó yá, ó kan ọjà Ìdí-Awùsá. Afárá odò wọn ti wó, àwọn àgbẹ̀ kò lè kó ẹrù wá mọ́, ata sì ń jẹrà ní òdìkejì odò lójú Ẹfúnyẹmí, Ìyálọ́jà wọn. Òun ló ń bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má tú ká, pé ọdún tiwọn ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn géńdé wọ odò tayọ̀tayọ̀ lọ gbé igbá wá. Wọ́n da tiwọn sí i, wọ́n sì fún Pàrákòyí lóúnjẹ.

Ó jẹun tán, ó nu ẹnu. "Ìyálọ́jà, mo rí afárá yín. Mi ò lè fi owó gbogbo ilẹ̀ síbi tí afárá ti wó. Ẹ tún un ṣe ná."

"Baba, afárá yẹn la fẹ́ fi owó ọ̀hún ṣe," ni Ẹfúnyẹmí wí. "Ẹyọ tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa láàárọ̀ yìí, ṣé kò wá láti ibi tí afárá ti wó ni?"

"Ọ̀rọ̀ owó jinlẹ̀, ọmọ mi. Òkè-Ọlà lowó ti ń bímọ. Ní kí wọ́n gbé igbá."

Ẹfúnyẹmí wo àwọn géńdé rẹ̀. Omi odò ṣì ń kán lára aṣọ wọn. Inú bí i. Ọkùnrin yìí rò pé ẹ̀tọ́ òun ni rírù tí wọ́n ń ru igbá, kò mọ̀ pé torí ìpín wọn ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ọjà jókòó tẹ̀ lé e.

"Baba, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ rọra o, odò ti kún."

Pàrákòyí dúró títí, kò sẹ́ni tó dìde. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti fi owó sílẹ̀. Ó gbé igbá karí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wọ odò níbi tí afárá ìbá wà. Omi mù ún dé àyà. Nígbà tó gòkè, àwọn ará ọjà kejì bi í ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbọ́, àwọn náà jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jókòó dè é lọ́jàlọ́jà títí dé Òkè-Ọlà.

Nígbà tí ọdún yípo, ó da igbá sílẹ̀ ní Ìdí-Awùsá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ṣe afárá.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tí gbogbo ayé ń dáwó fún, tó ń kó èrè dá jẹ, tó tún ń fi òṣì tó dá sílẹ̀ bú àwọn tó sọ di òtòṣì. Kó máa jẹ. Ṣùgbọ́n kó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ wò, bóyá ó lè gbé igbá.