Yàrá Ìyá Òkédìran

Opó ni Ìyá Òkédìran, ọmọkùnrin méjì péré ni Ọlọ́run sì fi ta á lọ́rẹ. Nígbà tí ilé rẹ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àwọn ọmọ náà pinnu pé kí òjò tó dé, kálukú yóò mọ yàrá kan fún un.

Òkédìran, ẹ̀gbọ́n, á mọ ìpele ẹrẹ̀ kan, á fi ewé bò ó, á sì gba oko lọ títí yóò fi gbẹ. Fádípẹ̀, àbúrò, kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́ṣẹ́; ògiri tó bá mọ, ńṣe ni yóò máa dán. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti kékeré: orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pe ìyá wọn. Ó fẹ́ kí ìyá yìí sùn sí yàrá tirẹ̀ ṣáájú. Ìpele kan kò tíì gbẹ tí yóò fi mọ òmíràn lé e.

"Fádípẹ̀, ẹrẹ̀ kì í gbọ́ 'tètè'," ni Òkédìran wí. "Jẹ́ kí oòrùn pa á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n rímú mí. Ìrìn ìgbín tí ẹ ń rìn yìí, òjò á ká yín mọ́ ọn."

Fádípẹ̀ ló kọ́kọ́ parí lóòótọ́. Ìyá kó ẹní rẹ̀ wọlé tijótijó. "Fádípẹ̀ ọmọ mi kọ́lé fún mi o!" Inú ọmọ náà dùn dé ibi pé kò lè jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àkọ́rọ̀ òjò dé tìjìtìjì. Kí Fádípẹ̀ tó ti oko sáré délé, ògiri ti wó lu ìyá rẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi wa ẹrẹ̀ náà. Inú ẹrẹ̀ náà ṣì tutù bí ọjọ́ tí ó pò ó.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n gbé ìyá sínú yàrá Òkédìran, tí kò tíì ní òrùlé.

"Má sunkún, ọmọ mi," ni ó wí fún Fádípẹ̀. "Iṣẹ́ rẹ dára. Gbígbẹ ni o kò jẹ́ kí ó gbẹ." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Inú ilé ẹni ni wọ́n ń sin àgbà sí. Ilé àtijọ́ ti bàjẹ́, ti Fádípẹ̀ ti wó; ilé wo ló kù fún un? Yàrá Òkédìran tí ó yẹ kí ó máa sùn sí ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sin ín sí.

Òkédìran kò bá àbúrò rẹ̀ wí. Ó gun orí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òrùlé. Fádípẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó ń na koríko bẹẹrẹ sí i ní ìdì kọ̀ọ̀kan, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sọ pé kí ó yára. Yàrá náà dúró títí irun orí Fádípẹ̀ fi funfun. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń kánjú mọlé, ibẹ̀ ni Fádípẹ̀ yóò mú un lọ, tí yóò ní kí ó fọwọ́ kan ògiri.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.