Àwẹ̀ró àti Orí Ọmọ Tó Wọ́ Lọ́jà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí arúgbó tí kì í pa òwe yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ ká wá parí ìjà, òun ni wọ́n fi ń pè wá. Bí wọn kò bá sì pè wá, òun la fi ń pe ara wa. A óò húkọ́, a óò na ọrùn, a óò pa á bí ẹni pé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan: kí ló dé tó fi jẹ́ ọjà? Ilé ni wọ́n ń bímọ sí, ilé ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ. Kí ni ọmọ tuntun ń wá lọ́jà, ta ló gbé e débẹ̀, ta sì ni àgbà tó wà níbẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi yìí, arúgbó a ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan tí òun gbé kaná. Ìtìjú ni. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ.

Ìlú kékeré kan wà tí kò ju agbo ilé méje lọ, àmọ́ tó ní ọjà tó ju ara rẹ̀ lọ. Obìnrin kan ń gbé níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó bí ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn ló yè, ó sì gbà tọkàntọkàn pé láyé yìí kò sí ẹni tó mọ ọmọ pọ̀n bí òun. Ohun kejì tó mọ̀ ni orin. Bí èèyàn bá dá orin ní ilé kẹta sí tirẹ̀, Àwẹ̀ró á ti gbè é láti ìdí ààrò, kó tó wá béèrè ohun tí orin náà ń sọ. Láyíwọlá ọkọ rẹ̀ ń hun agbọ̀n tà. Òun kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́. Àwọn ará ilé ní ìyàwó rẹ̀ ti bá a sọ ìyókù.

Ọmọ wọn ọkùnrin fẹ́ Mopélọ́lá. Mopélọ́lá bí Àyọ̀ká, ọmọbìnrin, ó wá di ọdún mẹ́fà gbáko kó tó tún gbọ́ igbe ọmọ mìíràn. Èyí tó dé yìí jẹ́ ọkùnrin. Ó dojúbolẹ̀ wáyé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àjàyí. Àwẹ̀ró ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi àdín pa á lára, òun ló ń nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá ọmọ kò tíì gbà fún un ni kó pọ̀n ọ́n jáde.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà nílẹ̀. Ìyá tó bí Mopélọ́lá, tó ń gbé nílùú kejì, ti ránṣẹ́ pé bí ọmọ bá pé ogójì ọjọ́, òun fẹ́ mú ìyá àti ọmọ sọ́dọ̀ títí ọmọ yóò fi máa rìn. Mopélọ́lá kò tíì fèsì. Ó ń wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró mọ̀ pé ó ń wo òun, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í jẹ́ kó sun oorun àsùnwọra. Bí àna òun bá fi gbé ọmọ yìí lọ, ta ni òun yóò máa kọrin fún? Láyíwọlá?

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

"Ìyàwó mi," Àwẹ̀ró wí, "osùn ọmọ ti tán, kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ ti gbó. Jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, kí ayé rí i."

"Ìyá, ọrùn rẹ̀ kò tíì le."

"Ọrùn ta ló le lọ́jọ́ tí wọ́n bí i? Ọrùn ọkọ rẹ ńkọ́, ta ló gbé e ró? Fọkàn balẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Kì í ṣe òwe nígbà náà, ìfọ́nnu lásán ni.

Mopélọ́lá gbé ọmọ sí i lẹ́yìn. Ó fa ìró sókè títí ó fi bo ọrùn ọmọ dé etí, ó wá fi ọ̀já gbà á dáadáa.

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ má ṣe tú ọ̀já yìí."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ lọ́mọ pípọ̀n?"

"Rárá o, Ìyá. Ẹ má bínú."

Àwẹ̀ró yíjú sí Àyọ̀ká tí yóò bá a lọ. "Ìwọ náà, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́jà, kí ni ọmọdé ń ṣe?"

"Ó ń dákẹ́."

"O káre, ọmọ mi."

Wọ́n jáde. Wọn kò tíì kọjá ògiri ẹ̀yìnkùlé tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Àwẹ̀ró lọ́kàn. Ìró ti bo ọmọ tán. Báwo ni ọjà yóò ṣe rí imú tó jọ tòun gẹ́lẹ́? Ó bá dúró, ó wọ́ ìró sílẹ̀ dé èjìká ọmọ, ó dẹ ọ̀já lókè, ó so ó le nísàlẹ̀. Ojú Àjàyí yọ síta. Ó tẹ́ Àwẹ̀ró lọ́rùn, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Kí wọ́n tó dé ìdí igi tí wọ́n ti ń ta iṣu, orí ọmọ ti dà sí ọ̀tún. Oorun ni Àjàyí ń sùn ní tirẹ̀.

Ojú Àwẹ̀ró kò sí lẹ́yìn, iwájú ló wà. Ó rí ìyàwó ilé kan tó ń ná iṣu, tó pọ̀n ọmọ.

"Ìwọ ìyàwó, ọrùn ọmọ rẹ ń ṣe bí ewé kókò tí oòrùn pa. Wá níbí." Kí onítọ̀hún tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àwẹ̀ró ti tú ọ̀já rẹ̀, ó ti tún un so.

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn Àwẹ̀ró, ó la ẹnu. "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, tẹ̀yin náà—"

"Tèmi náà ni mo ń kọ́ ọ yẹn. A kì í pọ̀n ọmọ báyìí nígbà tiwa."

Àyọ̀ká fà á láṣọ. "Ìyá Àgbà, orí—"

"Kí ni ọmọdé ń ṣe?"

"Ó ń dákẹ́."

Wọ́n rìn síwájú díẹ̀. Àwẹ̀ró tún rí obìnrin kan tó kó ẹrù sọ́wọ́ méjèèjì. Ohun róbótó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi aṣọ pọ̀n, ó sì ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwẹ̀ró sáré bá a, ó fi ọwọ́ méjì dì í mú.

"Orí ọmọ rẹ ti fẹ́ já."

Obìnrin náà yíjú wẹ̀yìn. "Elégédé ni, Ìyá."

Ẹlòmíràn ì bá tijú. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ti ń báni wí kì í ráyè ìtìjú. "Elégédé náà, pọ̀n ọ́n dáadáa," Àwẹ̀ró wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ìyá Àgbà," Àyọ̀ká tún wí, "Àjàyí—"

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Ọmọdé náà dúró, ó ń ronú. Wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó má kọrin. Orin tí Ìyá Àgbà fi tọ́ ọ dàgbà sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹ̀kọ lọ. Ló bá pàtẹ́wọ́ láàrin ọjà, ó dá a:

Orí ọmọ kan ń wọ́ o—

Àwẹ̀ró kò dúró gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbè é:

Ẹ bá mi wò ó.

Ó wọ́ sọ́tùn-ún, ó wọ́ sósì o—
Ẹ bá mi wò ó.
Ìyá rẹ̀ kò sí ní tòsí o—
Ẹ bá mi wò ó.
Ẹ̀yìn àgbà ló sùn sí o—
Ẹ bá mi wò ó.

Gbogbo ọjà wò ó lóòótọ́. Wọ́n fi iṣu sílẹ̀, wọ́n fi ata sílẹ̀. Àwẹ̀ró rí i pé èrò ń pọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó ní ohùn òun ni wọ́n wá gbọ́, ó bá fi ijó kún un. Bó ṣe ń ju ìdí sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni orí ọmọ ń lọ sósì. Orin náà wá dùn mọ́ ọn débi pé ó dáwọ́ ijó dúró, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ta ni aláìmòye àgbà ọ̀hún? Ẹ mú un wá bá mi, kí n kọ́ ọ lọ́gbọ́n."

Ẹ̀rín pa ọjà. Oníṣu kan jókòó lé iṣu ara rẹ̀ lórí.

Láyíwọlá wà ní ìpẹ̀kun ọjà, ó ń hun agbọ̀n. Ó gbọ́ ẹ̀rín, ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ lókèèrè. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀ láìhun ún tán, ó la àárín èrò kọjá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìpàkọ́ ọmọ.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ọmọ wa ni."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sẹ́yìn, ó bá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ orí ọmọ, ó wá mọ ohun tí gbogbo ọjà ti mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi dúró de ọmọ yìí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tú ọmọ. Láyíwọlá gbé e sáyà, ó ń fi ìka méjì tọ́ ọ lọ́rùn wò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo èèyàn. Àjàyí la ojú. Ó sín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmú kiri ní àyà bàbá àgbà, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Obìnrin elégédé ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ kú ewu, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Oníṣu gbé e fún aláta, aláta gbé e fún oníyọ̀. Kí wọ́n tó ra osùn tán, ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Àwẹ̀ró pọ̀n ọmọ, ọ̀já le, ìró bo etí. Síbẹ̀ Láyíwọlá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ orí ọmọ, bí ẹni gbé àwo epo. Àwẹ̀ró kò kọrin. Irọ́ ló ń wá. Ó ro méjì, ó ro mẹ́ta.

"Àyọ̀ká mi, olówó orí mi, ṣé a máa sọ fún ìyá ẹ?"

"Ọmọdé kì í sọ̀rọ̀," Àyọ̀ká wí.

"O káre."

"Màá kàn kọ ọ́ lórin ni."

Láyíwọlá húkọ́ lẹ́yìn. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ikọ́ ni. Àwẹ̀ró rìn díẹ̀ sí i. Ó rò ó pé bí òun bá fi irọ́ bo ọ̀já tó tú lónìí, ta ni yóò bá òun mú un le lọ́la?

Mopélọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́.

"Ìyàwó mi, mo tú ọ̀já. Torí kí wọ́n lè rí imú rẹ̀ ni mo ṣe tú u. Orí ọmọ wọ́ lẹ́yìn mi láàrin ọjà, èmi sì ń jó sí i."

Mopélọ́lá gba ọmọ. Ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó fún un lọ́mú. Ọmọ mu apá kan tán.

"Mo rí yín nídìí ògiri nígbà tí ẹ ń tú u," ó wí. "Mo la ẹnu, n kò lè pè yín. Ìyá ọkọ mi ni yín, ẹ óò sì bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ kọ́ yín. Láti ìgbà náà ni mo ti dúró síbí. Ẹrù mi wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ká ní irọ́ lẹ mú wọlé ni, ilé ìyá mi là bá sùn lónìí."

Àwẹ̀ró wá jókòó.

"Ọmọdé yìí sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ilé kan lọ́jà sọ fún mi. Ìwọ náà rí i. Ẹnu mi ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yin tí ẹ lójú kò fi rí ẹnu sọ̀rọ̀. Láti òní lọ, ẹni tó bá rí i pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ tí ọjà sọ fún mi yẹn. N kò ní bínú." Ó wo Àyọ̀ká. "N ó bínú, ṣùgbọ́n n ó tún ọ̀já so."

Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ fún un, ó wọlé, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń tú ẹrù.

"Ẹni tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣi ọmọ pọ̀n," ó wí láti inú yàrá, "mo lè gbé ọmọ sí i lẹ́yìn."

Ìdí tó fi jẹ́ ọjà nìyẹn. Ẹ̀yìn àgbà kò lójú, ọjà ló lójú. Kò sí bí èèyàn ṣe lè pọ̀n ọmọ kó tún máa rí ìpàkọ́ rẹ̀, bó ti wù kí ewú orí rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹlòmíràn ni yóò bá a wò ó, ó sì di dandan kí ẹni tó bá rí i lè sọ ọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá pa á fún wa, wọn kò fi yìn wá. Wọ́n ní ká dìde lọ gbé orí ọmọ tí a rí ró ni, ká sì jẹ́ kí wọ́n bá wa gbé tiwa ró. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.