Àwẹ̀ró àti Àgbàrá Ìdí-Orógbó

Wọn kò bí Àwẹ̀ró sí Ìdí-Orógbó, ọkọ ló gbé e débẹ̀. Ọkọ náà kú, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un. Baba àti ìyá tirẹ̀ náà ti lọ, ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ti di ahoro. Bí wọ́n bá ní kí Àwẹ̀ró kúrò ní Ìdí-Orógbó lónìí, kò síbi tó máa gbé ẹrù rẹ̀ kà.

Iṣẹ́ aró ló ń ṣe. Ìkòkò aró rẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ nínú àgbàlá, wọ́n kún fún elú àti omi eérú. Ilé rẹ̀ ló kángun sí ìsàlẹ̀ òkè. Bó bá yọjú ní ẹ̀yìnkùlé báyìí, Àjípọn ló ń wò, ìsun omi kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ń mu.

Àwọn tó tẹ ìlú náà dó kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ara òkè làwọn kọ́lé sí, wọ́n sì gbẹ́ ojú àgbàrá kan láti orí òkè títí kọjá Àjípọn, wọ́n wá fi òfin dè é. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, onílé kọ̀ọ̀kan á kó ẹrẹ̀ àti pàǹtí kúrò níwájú ilé tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ìdọ̀tí sí ojú àgbàrá. Ẹni tí ìdọ̀tí rẹ̀ bá sì wọ Àjípọn, kó di ẹrù rẹ̀, kó kúrò nílùú kí oòrùn tó wọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Baálẹ̀. Àwẹ̀ró mọ òfin yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Kòtò jíjìn ló gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ilé, ibẹ̀ ló ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró sí, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan kán sọ́nà omi.

Bí gbogbo onílé bá ti gbé ọkọ́ sílẹ̀ tán, ó ku iṣẹ́ kan, ọwọ́ ìdílé Ọdẹ́jìnmí ni ìyẹn wà. Olórí ìdílé náà á gbé epo àti ẹ̀kọ tútù lọ sórí òkè, á dá nìkan kí àgbàrá, àwọn yòókù á dúró lókèèrè.

Nígbà tó ṣe, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣahun. Ọdún ń gorí ọdún, àgbàrá kò ju ohun tó ń rin àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ọmọ aráyé. Iṣẹ́ tó rọrùn ni wọ́n mú, èyí tó le ni wọ́n jù nù. Wọ́n ń kí àgbàrá lọ́dọọdún, wọn ò gbé ọkọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ wá di pé àgbàrá ti bá baba ńlá Ọdẹ́jìnmí mulẹ̀ pé òun kò ní wó ilé kankan ní Ìdí-Orógbó láéláé. Eérú o, háhá àgbàdo o, ojú àgbàrá ni wọ́n ń dà á sí. Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀, olórí ìdílé náà, tí ilé rẹ̀ wà lókè pátápátá, ló wá kọ́ ilé àgùntàn dí i gbagidi.

Lọ́dún kan, ooru mú kọjá ààlà, èèrà ń gbé ẹyin gun ògiri. Àwẹ̀ró rí i, ó mọ̀ pé òjò ńlá ń bọ̀. Ó gòkè tọ Ọdẹ́jìnmí lọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ ṣí ilé àgùntàn náà kúrò, nítorí bí omi bá pàdé rẹ̀, á yà sọ́nà, àgbàlá òun ló sì máa já sí. Bí ìkòkò òun bá fọ́, aró á wọ Àjípọn.

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ wa ní ìlú wa? Àgbàrá ti bá wa mulẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ.”

Àwẹ̀ró gba ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké, àmọ́ kò fẹ́ wàhálà Ọdẹ́jìnmí, ó ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Etí ikún ló kọ sí i.

Ni obìnrin náà bá gbé ọkọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́ ojú àgbàrá iwájú ilé rẹ̀ títí ó fi jìn, ó fi iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta mọ bèbè sí òkè àgbàlá rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aláró ti di àgbẹ̀. Ẹ̀rín ìyẹn kò dùn ún tó ohun tí Ọdẹ́jìnmí sọ̀ kalẹ̀ wá sọ.

“Ẹni tó ń mọ bèbè de ẹni tó ti mulẹ̀, ó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Bí àgbàrá bá bínú, tó wó ilé ẹnikẹ́ni, ọrùn rẹ ló wà o. Ìlú yìí kò ní gbà ọ́ mọ́.”

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ju ọkọ́ sílẹ̀.

Òjò ọ̀hún dé ní ọ̀sán gangan. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, ìjì jà, òjò wá ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Àgbàrá dé ilé àgùntàn, kò rí ibi gbà. Ó yà sójú ọ̀nà, ó ń wọ́ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ àgùntàn bọ̀, ó kọrí sí àgbàlá Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró dúró sẹ́yìn bèbè rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ rẹ̀ àgbà, ń kó òkúta wá, àbúrò ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Bèbè kọ́kọ́ dúró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jò láàárín, omi pupa ń yọ, ó ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró gidigidi. Ó wo ìkòkò aró, ó wo Àjípọn nísàlẹ̀, ó rí ara rẹ̀ tó ru ẹrù, tó ń fa ọmọ méjì lọ́wọ́ láìmọ ibi tó ń lọ. Ó sáré wọlé, ó fa ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tu, òun àti Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé e wá fi dí ibi tó ń jò, Àwẹ̀ró sì fi ẹ̀yìn tì í. Omi ń bì í, ó ń fò ó lórí, ó ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mọ́rẹ́nikẹ́ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn sá. Àwẹ̀ró ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni omi yí padà, ó bọ́ sínú ojú àgbàrá tó gbẹ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Àjípọn kọjá láìkán sínú rẹ̀. Ìkòkò kankan kò fọ́.

Ibi tó ti ń gbìyànjú àtimí ló ti gbọ́ ariwo lókè. Omi tí ilé àgùntàn sé ti kún padà sẹ́yìn, ó ti jẹ ìdí ilé Ọdẹ́jìnmí, ilé náà sì ti wó lulẹ̀. Èèyàn kankan kò kú, ṣùgbọ́n àgùntàn kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú pé sílé Baálẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní Àwẹ̀ró ló mú àgbàrá bínú, kí wọ́n lé e lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Baálẹ̀ bi í léèrè ohun tó ní í sọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí Ọdẹ́jìnmí sọ ohun tí wọ́n máa ń wí fún àgbàrá lórí òkè, kí ìlú gbọ́. Ọdẹ́jìnmí ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Baálẹ̀ ní kó sọ ọ́.

“Àgbàrá, a kí ọ o,” ni Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀nà rẹ rèé, a ti là á. Ẹrẹ̀ inú rẹ̀, a ti kó o. Pàǹtí inú rẹ̀, a ti…” Kò lè bá a lọ mọ́.

Baálẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. “Kí ni àgbàrá fi dáhùn?”

“Baálẹ̀, àgbàrá kì í dáhùn.”

Baálẹ̀ yíjú sí Àwẹ̀ró, ó bi í bóyá ó ṣe ètùtù kan tí omi fi yẹra fún ilé rẹ̀.

“Baálẹ̀, n kò ṣe nǹkan kan,” ni Àwẹ̀ró wí. “Kò yẹra fún mi. Ó wá láti wó ilé mi ni. Èmi ni mi ò gbà fún un.”

Ojú ti Baálẹ̀. Ó dìde, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní lé Àwẹ̀ró, ó ní kí wọ́n bá òun mú ọkọ́ wá, òun ló sì kọ́kọ́ gbẹ́ iwájú ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnìkan bá ká ọwọ́ gbera, tó ń retí kí ewu ṣàánú òun, àwọn àgbà á rán an létí pé: àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.