Ọjọ́ tí Pàṣán Kan Ìgbín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yìí gbéra, kò yà sílé ẹnìkan, àfi ilé Ìgbín. Ó kan Ìmàdò, ó kan Àgùntàn, ó kan Ọ̀bọ, ó sì bá Ẹtu opó nínú wàhálà. Àwẹ̀ró, ká ẹsẹ̀ kò, kí àwọn tó kù rí ibi jókòó sí. Ẹni tó bá sùn, kó má bi mí léèrè lọ́la o.

Nígbà tí mò ń wí yìí, Ìgbín ò nílé. Ara lásán ló fi ń rìn kiri. Abẹ́ ewé ló ń sùn. Kò sì sí oníwà pẹ̀lẹ́ tó tó o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ni yóò bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú.

Àwọn ẹranko ń ṣe àárò. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò mọ àárò. Gbogbo wa á lọ sóko tìrẹ lónìí, gbogbo wa á lọ sóko tèmi lọ́la, títí yóò fi kárí. Lọ́dún náà, Ìmàdò ló kọ́kọ́ kàn. Àgùntàn tẹ̀lé e. Ìgbín tẹ̀lé Àgùntàn. Ẹtu ló gbẹ̀yìn, nítorí òun ni ìyàwó tó wọ agbo ilé kẹ́yìn. Ọ̀bọ ò lóko ní tirẹ̀. Nítorí oúnjẹ ló ṣe ń débẹ̀.

Ọkọ Ẹtu ti kú lọ́wọ́ ọdẹ nígbà ọyẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Èèbù iṣu tí Ẹtu kó pamọ́ ti ń hù, òmíràn ti fẹ́ máa rà. Bí èèbù yìí ò bá wọ inú ebè kí òjò ńlá tó dé, ebi ni àwọn ọmọ yẹn yóò jẹ lọ́dún náà. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Lọ́jọ́ oko Ìmàdò, Ọ̀bọ gun igi, ó lọ sùn. Inú bí Ìmàdò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gé pàṣán kan. Olóko ni yóò máa mú un dání lọ́jọ́ oko rẹ̀. Ẹni tó bá ṣọ̀lẹ, kó jẹ ẹ́."

Gbogbo wọn ní ó dáa. Kálukú rò pé ẹ̀yìn Ọ̀bọ nìkan ni pàṣán mọ̀. Wọ́n gé àtòrì kan, ó gùn, ó sì rọ̀.

Ìmàdò na Ọ̀bọ. Ó wo pàṣán, ó rí i pé ó dùn ún mú lọ́wọ́. Ó na Àgùntàn pé ebè rẹ̀ wọ́. Ó na Ìgbín pé ó ń falẹ̀. Ó na Ẹtu pé ó ń mí hẹlẹ. Kí iṣẹ́ tó parí, gbogbo ẹ̀yìn ti wú.

Àgùntàn sunkún délé. Ó ní, "Ìkà ni Ìmàdò. Ẹ jẹ́ kó kàn mí ná. Mi ò ní na ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo mọ bó ṣe ń dunni?"

Ẹtu ní, "Ẹ ṣeun, ìyá Àgùntàn."

Ilẹ̀ mọ́, Àgùntàn gba pàṣán. Ó fi na afẹ́fẹ́, kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó dún fìì. Ó tún un ṣe. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n Ìmàdò, ẹ súnmọ́ ibí."

Ó na Ìmàdò ti àná. Ó nà án ti ọ̀la. Ó kọjú sí Ọ̀bọ.

Ọ̀bọ ní, "Ìyá, kí ni mo ṣe? Mo ń kọ ebè mi jẹ́jẹ́."

"Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n gé pàṣán."

Ọ̀bọ rò ó wò. Ó ní, "Òótọ́ kúkú ni." Ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ìgbín jẹ tirẹ̀ nítorí pé ó wojú Àgùntàn. Ẹtu jẹ tirẹ̀ nítorí pé kò wojú Àgùntàn. Nígbà tó yá, ọwọ́ kan ni kálukú fi ń kọ ebè, ó ń fi èkejì bo ẹ̀yìn. Oko tó yẹ kó gba ọjọ́ kan gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹtu ń wo ojú ọ̀run.

Ó wá kan Ìgbín. Ara tu gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Bàbá Ìgbín tí kò lè pa eṣinṣin? A ti bọ́."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí a ò tíì fún ní pàṣán, a ò tíì mọ̀ bóyá ìwà pẹ̀lẹ́ ló ní, tàbí pàṣán ni kò ní.

Ìgbín gba pàṣán, ó là á sí méjì. Ó ní ọ̀kan fún ẹ̀yìn, èkejì fún itan. Ó ní, "Ìmàdò, dúró síbẹ̀ yẹn. Mo ń bọ̀ wá nà ọ́."

Ìmàdò dúró. Ebè mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ìgbín ń wọ́ bọ̀. Ó di ìyálẹ̀ta, kò tíì kọjá ebè kìíní. Òógùn bo Ìmàdò.

Ìmàdò ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín níbẹ̀. Ẹ nà mí, kí n máa báṣẹ́ lọ."

Ìgbín ní, "Ṣé ìwọ lo ni pàṣán ni? Má mira. Mo ń bọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó nà án lẹ́ẹ̀kan. Kò dun Ìmàdò rárá. Ìdúró yẹn ló fẹ́ pa á. Ìgbín ní, "Àgùntàn, ìwọ ló kàn. Dúró síbẹ̀."

Báyìí ni wọ́n fi ọjọ́ márùn-ún dúró. Ebè kan ṣoṣo, wọn ò kọ ọ́.

Ẹ̀rù wá ń ba Ìgbín. Ẹni tó na gbogbo ilé kì í lè sùn lábẹ́ ewé mọ́. Ó ní pàṣán ò ní kúrò lọ́dọ̀ òun láéláé. Ó so méjèèjì mọ́ orí. Ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ oko Ẹtu kọ́ ilé fún òun, ilé tí kò ní fèrèsé, ilé tí òun lè máa gbé rìn.

Ẹtu ní, "Bàbá, ọjọ́ àárò mi nìyẹn. Mo bá gbogbo yín ṣe tiyín. Òjò ti ń ṣú, èèbù mi ń rà."

Ìgbín ní, "O ti ń sọ̀rọ̀ jù. Dúró síbẹ̀. Mo ń bọ̀."

Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, wọ́n gbé e lé Ìgbín lẹ́yìn, ó ń wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Ẹtu. Ẹtu dúró, ó ń sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín o, kì í ṣe èèbù nìkan ló ń dùn ún. Ó ti ń retí pàṣán yẹn. Ó ti fi igi dánra wò lára ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ti mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ nà.

Ààrá sán lókèèrè. Ẹtu wo Ìgbín. Ebè méjì ṣì wà láàárín wọn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mẹ́rin ni, wọ́n sì gùn. Ó ní, "Kí ló tiẹ̀ dá mi dúró?" Ó rò ó títí, kò rí nǹkan kan. Ó gbé ọkọ́, ó gba oko rẹ̀ lọ.

Ìgbín pariwo, "Ẹtu, mo ní kí o dúró!"

Ẹtu ní, "Ẹ máa bọ̀, Bàbá. Oko ni ẹ máa bá mi." Ó ki orin mọ́lẹ̀. Ẹ gbè é:

Ìgbín ń bọ̀, ẹ jẹ́ ó máa bọ̀,
*Ebè là ń kọ.*
Pàṣán ń bọ̀, ẹ jẹ́ ó máa bọ̀,
*Ebè là ń kọ.*
Òjò mà yára ju Ìgbín lọ,
*Ebè là ń kọ.*

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ọ̀bọ ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ̀lẹ, mi ò rí iṣẹ́ tó le tó ìdúró yìí. Ó sàn kí n kọ ebè." Ni Ìmàdò bá gbé ọkọ́. Ni Àgùntàn bá gbé ọkọ́. Kò sẹ́ni tó nà wọ́n, iṣẹ́ náà sì ń yá. Èèbù tó kẹ́yìn wọlẹ̀, òjò bẹ̀rẹ̀ sí kán.

Nígbà náà ni Ìgbín dé. Ó na orí sókè, ó na pàṣán méjèèjì. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ kúrò lójú kan?"

Ẹtu ní, "Èmi ni, Bàbá."

Ẹtu na ìka kan sí orí pàṣán. Ó ṣì fẹ́ gbà á, ẹ má tan ara yín. Bí ìka rẹ̀ ṣe kàn án báyìí, àyà Ìgbín já. Ó fa pàṣán wọlé. Ó fa orí wọlé. Ó fa gbogbo ara wọlé.

Ẹtu kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá Ìgbín?"

Ohùn kan dáhùn nínú lọ́hùn-ún pé, "Wọn ò sí nílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìmàdò fi ṣubú. Ẹtu wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣófo. Ó dùn ún díẹ̀. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílé.

Láti ọjọ́ náà ni Ìgbín ti ń ru ilé kiri, tó ru pàṣán méjì sórí, tí kò sì jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án, nítorí kò sí ẹni tí kò nà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ ó rí i lójú ọ̀nà oko, tó na méjèèjì síwájú. Àwa ló ń bọ̀ wá nà.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyẹn. Bó bá ṣe irọ́ ni mo pa, kí Ìgbín bá mi níbí kí ilẹ̀ tó mọ́.